Síìpù Ń Là Lẹ́yìn Orí: Àkọsílẹ̀ Àtúnṣe Ẹrù Mẹ́rin ní Ṣọ́ọ̀bù Wa ní Ṣómólú

Ẹrù mẹ́rin ló kóra jọ sábẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ: gáùn léèsì aṣọ ẹbí kan, jákẹ́ẹ̀tì òkìríkà kan, báàgì iléèwé kan, àti jíìnsì bàbá ọmọ tó ni báàgì. Ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wọn bá wá: "Àǹtí, síìpù ẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ bá wa yọ ọ́, ẹ fi tuntun sí i." Mo yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Gáùn nìkan ló nílò síìpù tuntun nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ torí mo mọ̀ bí àwa aránṣọ ṣe ń ṣe. Kí kọ́sítọ́mà tó sọ̀rọ̀ tán, bíléèdì ti wà lọ́wọ́, a ti ń tú síìpù. Bẹ́ẹ̀ síìpù tó ṣì dára lára jíìnsì tàbí báàgì, ìyà lásán ni yíyọ rẹ̀. Ẹ ó tú ìlà òwú méjì, ẹ ó tún un rán, ojú abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ò sì ní parẹ́ lára aṣọ náà títí ayé. Ẹ wo orí rẹ̀, ìyẹn irin kékeré tí a ń fà lọ fà bọ̀, kí ẹ tó mú bíléèdì.

1. Yíyẹ̀wò

Mo ṣí wọn, mo pa wọ́n dé, mo tún ṣí wọn. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ máa ń fẹ́ sáré kọjá ibí yìí, ibí yìí gan-an sì ni iṣẹ́ wà.

Orí síìpù ní ẹnu méjì níwájú, ó ní ìdí kan lẹ́yìn. Eyín ọ̀tún á gba ẹnu kan wọlé, eyín òsì á gba ìkejì, wọ́n á wọnú ara wọn, wọ́n á sì jáde ní ìdí ní síso pọ̀. Bí ẹ bá fà á dé òkè tó tún ń là lẹ́yìn orí, ìdí yẹn ló ti fẹ̀, kò lè tẹ eyín mọ́ra mọ́. Eyín ò ṣe nǹkan kan. Bó bá jẹ́ pé ojú kan náà ló máa ń là sí nígbà gbogbo, eyín kan ti yọ níbẹ̀ tàbí ó ti wọ́. Bó bá le láti fà, ìdọ̀tí tàbí ìpata ni. Bí orí bá ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ wo abẹ́ ọwọ́ tí a fi ń fà á. Bó bá sì jẹ́ pé aṣọ etí rẹ̀, ìyẹn aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí eyín wà lára rẹ̀, ló já kúrò lára ẹrù, abẹ́rẹ́ àti òwú ló fẹ́, ẹ má wulẹ̀ ronú kan síìpù.

Lẹ́yìn náà ni mo yí orí kọ̀ọ̀kan padà wo ẹ̀yìn rẹ̀. Nọ́ńbà ló máa ń wà níbẹ̀. Nọ́ńbà ọ̀hún sún mọ́ bí eyín ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà tó bá wà ní pípadé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe géérégé. 3 ló wà lára gáùn, 4.5 lára jíìnsì, 5 lára jákẹ́ẹ̀tì, 8 lára báàgì. Ẹ ó rí 10 lára àgọ́ tàbí báàgì ńlá tí wọ́n fi tapólì rán.

Nọ́ńbà nìkan ò tó o. Eyín tó jẹ́ irin tàbí idẹ wà, èyí tó jẹ́ rọ́bà tí wọ́n tò lọ́kọ̀ọ̀kan wà, èyí tó jẹ́ ọ̀rá nylon tí wọ́n lọ́ bíi sípíríǹgì náà wà. Orí 5 tó ń sáré lórí irin ò ní ṣe dáadáa lórí 5 ti nylon, torí inú wọn ò rí bákan náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà.

2. Ọjà

Tó bá jẹ́ ẹyọ kan méjì ni mo fẹ́ rà, Tẹ́júoṣó ní Yábàá tó mi, Ojúwoyè ní Muṣin náà tó mi. Erékùṣù Èkó ni mò ń lọ tí mo bá fẹ́ síìpù oníyáàdì àti orí lọ́pọ̀. Mo sọ̀ ní Ìdúmọ̀tà, mo fẹsẹ̀ rìn wọ Balógun.

Ìyá elébọ́tìnnì tí mò ń rà á lọ́wọ́ wọn kì í gba nọ́ńbà gbọ́ lẹ́nu ẹni. "Mú ti àtijọ́ ẹ wá kí n fojú rí i, ọmọ mi. Ẹ ó pè é ní márùn-ún, ẹ ó tún padà wá bá mi jà." Mo yọ báàgì náà síta kí wọ́n rí orí rẹ̀. Wọ́n fi èékánná wá inú ẹnu rẹ̀ wò, wọ́n fa abọ́ rọ́bà kan tí orí síìpù kún inú rẹ̀ bámúbámú sún mọ́ra, wọ́n ṣa méjì. Wọ́n wá mú àjákù síìpù kan lábẹ́ àpótí, wọ́n ki orí sí i, wọ́n sì fà á lọ fà á bọ̀ lójú mi kí wọ́n tó dárúkọ owó. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí ẹ dán an wò, ẹ kí i pé ó dàárọ̀, kí ẹ kọjá.

Ẹ ó rí YKK lẹ́yìn ọ̀pọ̀ orí. Ilé-iṣẹ́ Japan ni, Tadao Yoshida ló dá a sílẹ̀ ní 1934, síìpù wọn sì dáa. Àmọ́ kò sí ẹni tí kò lè tẹ lẹ́tà mẹ́ta sára irin, torí náà lẹ́tà yẹn nìkan kì í mú mi fi owó kún owó. Bí mo ṣe ń dán síìpù nylon wò nìyí: mo pa á dé, mo ká a kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ láàárín ìka méjì. Bí eyín bá là níbi tí mo ti ká a, mo dá a padà. Mo tún máa ń nà án sórí tábìlì. Èyí tí etí rẹ̀ bá ń rú wìnnìwìnnì kó tó dé ara aṣọ, bí ẹ bá rán an mọ́ ẹ̀yìn gáùn, ẹ̀yìn gáùn náà á máa rú ni.

Síìpù idẹ rẹwà lóòótọ́, ó sì lágbára, àmọ́ mi ò kí ń fi í sára áńkárá tàbí léèsì. Ó wúwo, á fa ẹ̀yìn aṣọ sílẹ̀. Fún àwọn tó ń gbé lẹ́bàá ọ̀sà tàbí òkun, atẹ́gùn oníyọ̀ á tètè sọ ọ́ di àwọ̀ ewé bí aṣọ náà bá pẹ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ohun tí mo rà: orí nylon 8 méjì, ₦300. Síìpù invisible onínylon, èyí tí eyín rẹ̀ ń fara pamọ́ sínú aṣọ, 22 íńṣì, ₦400. Gọ́ọ̀mù-sìteè, aṣọ tí a ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ inú aṣọ kó lè dúró, ìdajì yáàdì, ₦500. Àbẹ́là ti wà nílé. Púláyà kékeré mi wà, mo yá ẹ̀mú lọ́wọ́ ṣúmékà tó wà ní ìkángun àdúgbò wa.

3. Jíìnsì

Ọsàn wẹ́wẹ́ kan ni jíìnsì yìí ná mi. Ìyàwó oníjíìnsì ló ń ṣàlàyé pé síìpù ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín ìgboro, ọkọ rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo títì.

Pín-ìn kékeré kan wà lábẹ́ ọwọ́ orí síìpù jíìnsì. Tí ẹ bá tẹ ọwọ́ náà dùbúlẹ̀, pín-ìn yìí á bọ́ sáàárín eyín, á di orí mú. Ti jíìnsì yìí ti lẹ̀ mọ́kè, ìpata àwọ̀ ewé àti ọṣẹ gbígbẹ ló dì í. Mo fi ọ̀rá sẹ́yìn síìpù kí omi ọsàn má baà kan aṣọ, torí ó lè bó àwọ̀ rẹ̀. Mo ti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ bọ omi ọsàn, mo fi fọ eyín àti inú orí, mo fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, mo tún un fọ̀. Àwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wá sórí ọ̀rá, idẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án dànù lẹ́yìn náà o. Ọsàn tó bá kù síbẹ̀ á máa jẹ idẹ náà lọ ni. Ó gbẹ tán nínú oòrùn, mo fi àbẹ́là pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo fà á títí ó fi ń yọ̀. Mo tẹ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, mo gbá ṣòkòtò náà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, mo fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún. Orí ò mì.

Ẹ má fi òróró ẹ̀pà tàbí gírísì sí i. Á yọ̀ lónìí, á kó eruku jọ lọ́la, á sì yí mọ́ aṣọ. Bí àbẹ́là ò bá sí, lẹ́ẹ̀dì péńsùlù ṣeé fi pa síìpù idẹ. Bí pín-ìn bá ti ṣẹ́ pátápátá, orí mìíràn ló kù. Kí ẹ tó rí orí ọ̀hún rà, ẹ ki òrùka kọ́kọ́rọ́ sí ọwọ́ síìpù, kí ẹ fi í kọ́ bọ́tìnnì ìbàdí kí ẹ tó ti bọ́tìnnì náà. Ẹnikẹ́ni ò ní rí i.

4. Báàgì iléèwé

Èyí ló là lẹ́yìn orí. Orí méjì ni báàgì náà ní, wọ́n ń pàdé láàárín, àwọn méjèèjì ló sì ti jẹ. Iyanrìn ló ń ṣe é: ọmọ á gbé báàgì sílẹ̀ nínú pápá, iyanrìn á wọ inú eyín, iyanrìn náà á sì máa jẹ inú orí bí ẹni ń fi fáìlì ha irin lójoojúmọ́.

Àtúnṣe àkọ́kọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ ni púláyà, mo sì kọ́kọ́ ṣe é. Ìdí orí ni ẹ ó fún, níbi tí eyín ti ń jáde ní síso pọ̀, ẹ má fún ẹnu méjì tó wà níwájú. Ẹ fún ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún díẹ̀, ẹ fún ẹ̀gbẹ́ òsì díẹ̀, ẹ fà á wò, kí ẹ tó tún fún un. Ó pa dé. Mo kó ìwé sínú báàgì kó rí bí ọmọ á ṣe gbé e, mo fà á yípo, ó là ní igun. Mo tún un fún, ẹ̀gbẹ́ òsì sì ṣẹ́ káún sínú púláyà. Irin yíyọ́ dà ni ọ̀pọ̀ orí wọ̀nyí, kì í ṣe irin tí wọ́n lù, kì í tẹ̀ lọ títí. Fún síìpù gáùn tàbí síkẹ́ẹ̀tì tí kò gbé ẹrù, fífún máa ń pẹ́ díẹ̀. Fún báàgì tó ń gbé ìwé, mi ò rò pé ó yẹ kéèyàn gba owó lórí rẹ̀.

Bí mo ṣe pààrọ̀ orí:

Mo tú láínínì ní ìpẹ̀kun méjèèjì síìpù, bí íńṣì méjì méjì, títí ẹnu síìpù fi jáde. Mo yọ orí àtijọ́ méjèèjì, eyín là gbalaja láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn iyanrìn kúrò. Mo gé ẹnu aṣọ etí méjèèjì kó ṣe ṣónṣó, mo fi láítà kàn án fẹ́ẹ́ kó má baà tú. Kí iná má dé eyín, nylon ni, ó ń yọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í nìyí. Bí orí méjì bá máa pàdé láàárín, ẹnu wọn ló gbọ́dọ̀ kọjú síra. Torí náà orí kan wọlé láti ìpẹ̀kun ọ̀tún, èkejì láti ìpẹ̀kun òsì, ẹnu méjì ló sì ń ṣíwájú fún àwọn méjèèjì. Mo ki ọwọ́ fọ́ọ̀kì sínú ihò tábìlì kó dúró ṣinṣin, mo fi eyín fọ́ọ̀kì méjì gbé orí dúró, kí ọwọ́ mi méjèèjì ráyè ti aṣọ etí sí ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá ti apá kan jìn ju èkejì lọ, báàgì á wọ́ nígbà tó bá pa dé. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kọjá aṣọ etí méjèèjì kí n tó bẹ̀rẹ̀, ìlà náà sì bára mu nígbà tí mo parí.

Ní igun kan, eyín méjì mẹ́ta ti tẹ̀ wọlé. Mo fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ńlá gbé wọn dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọpẹ́ ni pé nylon náà ò já. Tó bá ti já, síìpù tuntun ni à bá máa sọ. Mo rán ìpẹ̀kun méjèèjì padà pẹ̀lú òwú báàgì, mo fi ẹ̀rọ lọ bọ̀ lọ bọ̀ lórí eyín kí orí má baà yọ dànù.

Àwọn ọ̀bíọma tó ń gbé máṣíìnì lé èjìká, tí wọ́n ń fi sìsọ́ọ̀sì lu irin rẹ̀ kẹ̀ǹkẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọjá, ní ọ̀nà tiwọn tí mo fẹ́ràn fún ẹrù tí ìpẹ̀kun rẹ̀ ò ṣeé tú. Wọ́n á gé aṣọ etí apá kan díẹ̀ láàárín eyín, íńṣì kan sókè ìsàlẹ̀, wọ́n á gba ojú ibẹ̀ ki orí wọlé, wọ́n á sì rán ojú tí wọ́n gé pa. Ẹ pàdánù íńṣì kan lára bó ṣe ń ṣí, àmọ́ iṣẹ́ parí lórí ìdúró.

5. Gáùn léèsì

Èyí ló jẹ àkókò mi. Síìpù ẹ̀yìn rẹ̀ ti bẹ́ ní ìbàdí, nylon rẹ̀ já, kò sí ohun tí orí tuntun máa ṣe fún un. Àmọ́ kí n tó rán òmíràn sí i, mo fẹ́ mọ ohun tó bẹ́ ti àkọ́kọ́. Síìpù invisible kì í ṣe ohun tí a fi ń di ara mọ́ aṣọ. Bí aṣọ bá fún, òun ló máa kọ́kọ́ jẹ́wọ́.

"Àǹtí, mi ò sanra o. Síìpù yẹn ni ò dáa."

Mo ní kí ẹni tó ni gáùn jẹ́ kí n kàn fi téèpù kan ìbàdí wọn fún àǹfààní ìwé mi. Gáùn jẹ́ 33 íńṣì ní ìbàdí, ara jẹ́ 35. A ò sọ̀rọ̀ síìpù mọ́.

Ẹni tó kọ́kọ́ rán an ṣoore, ó fi àṣẹ́kù íńṣì kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Mo sún ìlà ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jáde ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íńṣì. Iwájú gba tirẹ̀, ẹ̀yìn gba tirẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan di íńṣì kan àti ààbọ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì di mẹ́ta. Ìbàdí gáùn wá di 36, wọ́n lè mí, wọ́n lè jókòó jẹun. Mo bá wọn dá a lábàá pé kí a fi okùn dí ẹ̀yìn rẹ̀ bíi kọ́sẹ́ẹ̀tì dípò síìpù, torí kọ́sẹ́ẹ̀tì máa ń gba ara bó bá ti rí. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ ló rán síìpù.

Òkúta wà lára léèsì náà. Bí abẹ́rẹ́ bá bá òkúta, abẹ́rẹ́ ló ń ṣẹ́, bí fúùtù máṣíìnì bá sì gun orí rẹ̀, ìlà á wọ́. Mo fẹ́ kó mọ́ ní íńṣì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ẹ̀yìn. Ẹ má fi bíléèdì gé òwú tó so wọ́n o, òwú kan náà ló so ogún òkúta pọ̀, ẹ gé ọ̀kan, ẹ ó máa ṣa wọ́n nílẹ̀. Púláyà ni mo fi tẹ òkúta kọ̀ọ̀kan fọ́. Mo fi aṣọ bo ọwọ́ mi, torí àfọ́kù wọn ń ta bí iyọ̀ nínú iná. Òwú dúró, àwọn tó kù ò mì.

Mo gé gọ́ọ̀mù-sìteè ní pẹlẹbẹ oníńṣì kan, mo lọ̀ ọ́ mọ́ etí méjèèjì láti inú. Léèsì ń nà. Bí ẹ bá rán síìpù mọ́ ọn láìfi nǹkan tì í, aṣọ á nà, síìpù ò ní nà, ẹ̀yìn á sì máa wú bí ẹni gbé nǹkan pamọ́.

Síìpù invisible, eyín rẹ̀ máa ń ká dojú kọ inú. Ẹ gbọ́dọ̀ lọ̀ ọ́ kó tẹ́jú kí ẹ tó rán an. Mo ṣí i, mo dojú rẹ̀ bolẹ̀, mo fi ìka ta eyín dìde, mo sì gbé ẹnu áyọ́ọ̀nù tẹ̀ lé ìka mi, ní ooru tí a fi ń lọ nylon. Ìlà kan á yọ láàárín eyín àti aṣọ etí, inú ìlà yẹn ni abẹ́rẹ́ máa gbà. Kò sí iná ọba nígbà tí mo dé ibí yìí, mo sì fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi mú un dé. Mi ò lè fi áyọ́ọ̀nù eléèédú ṣe é, kò sí bí mo ṣe fẹ́ mọ ìgbà tó gbóná jù, ìṣẹ́jú àáyá kan sì ti tó láti yọ́ eyín pọ̀.

Síìpù gùn ju ojú tí mo fẹ́ fi í sí lọ ní íńṣì kan àti ààbọ̀. Ó gbọ́dọ̀ gùn jù ú lọ, torí orí rẹ̀ á wà nísàlẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń rán an, fúùtù ò sì ní lè kọjá orí.

Mo fi ọwọ́ tákì apá ọ̀tún, mo fi fúùtù síìpù rán an láti òkè wá sísàlẹ̀. Mo pa síìpù dé. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí aṣọ etí kejì níbi tó ti kan ìlà ìbàdí gan-an, mo tún sàmì sí i níbi ọrùn. Mo ṣí i padà, mo fi àmì wọ̀nyí kan ìlà ìbàdí apá òsì, mo tákì rẹ̀, mo rán an. Ẹni tó bá rán apá méjèèjì láìsàmì, ìbàdí ọ̀tún á ga ju ti òsì lọ, gbogbo ẹni tó bá wà lẹ́yìn yín níbi àríyá ló sì máa rí i.

Mo fà á. Ó dé ìbàdí, ó dúró. Ibẹ̀ ni léèsì òkè, léèsì ìsàlẹ̀, láínínì méjì àti gọ́ọ̀mù-sìteè ti pàdé, wọ́n nípọn bí ìka. Abẹ́rẹ́ tún ti sún mọ́ eyín jù ní apá òsì, orí ò ráyè. Fífi agbára fà á níbẹ̀ ló ń ya síìpù tuntun. Mo tú íńṣì méjì péré, íńṣì kan lókè ìbàdí, íńṣì kan nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo gé àṣẹ́kù aṣọ inú ní àtẹ̀gùn àtẹ̀gùn kí wọ́n má parí sójú kan náà, mo tẹ́ ẹ sórí igi, mo fi òòlù kékeré lù ú títí ó fi tẹ́jú. Mo tún un rán, mo fi abẹ́rẹ́ jìnnà sí eyín díẹ̀, díẹ̀ bí òwú kan, ní íńṣì méjì yẹn nìkan. Orí kọjá láìdúró.

Ìsàlẹ̀ tí fúùtù ò dé, ọwọ́ ni mo fi rán an parí kí n tó pa ìlà ẹ̀yìn. Mo rán ìkọ́ kékeré sókè, kì í ṣe fún ẹwà: òun ló ń gba wàhálà ọrùn kí orí síìpù má baà máa sọ̀.

6. Jákẹ́ẹ̀tì òkìríkà

Yábàá ni wọ́n ti rà á fún ọmọkùnrin kan. Ó gùn, mo sì ti gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, iwájú rẹ̀ wá sílẹ̀ láti 25 íńṣì sí 21. Síìpù idẹ 5 tó ṣí nísàlẹ̀ ni, ó lágbára ju èyí tí mo lè fi owó ọmọ yẹn rà lọ. Ọwọ́ orí rẹ̀ nìkan ló já, mo fi òrùka kọ́kọ́rọ́ àti pẹlẹbẹ awọ kékeré ṣe òmíràn.

Síìpù tó ṣí nísàlẹ̀, òkè ni a ti ń gé e. Àpótí kékeré tí ẹsẹ̀ síìpù ń wọ̀ nísàlẹ̀ ò ṣeé fi nǹkan mìíràn rọ́pò nínú ṣọ́ọ̀bù, bí ẹ bá gé e, ó parí. Mo tú síìpù kúrò, mo wọn 21 íńṣì láti ìsàlẹ̀, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì. Mo fa orí sísàlẹ̀, mo ki pín-ìn-nì kan sókè rẹ̀ kó má baà sá jáde. Eyín irin ò ṣeé fi sìsọ́ọ̀sì gé. Ẹ̀mú ṣúmékà ni mo fi gé ẹsẹ̀ eyín kọ̀ọ̀kan, mo sì fà á yọ, bẹ̀rẹ̀ láti ojú àmì lọ sókè, títí mo fi rí íńṣì kan tí kò ní eyín, kí n tó fi sìsọ́ọ̀sì gé ìyókù. Ẹ ka iye eyín tí ẹ yọ ní ọ̀tún kí ẹ yọ iye kan náà ní òsì. Kí ẹ̀mú má gé aṣọ etí pẹ̀lú.

Irin kékeré tó ń dá orí dúró lókè, mo ti fi screwdriver ṣí i yọ láti ibi tó wà tẹ́lẹ̀ kí n tó ju àjákù nù. Méjì ni. Mo gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé eyín tó kẹ́yìn lórí, mo fi púláyà pa á dé. Ọ̀kan ṣẹ́, ó ti gbó jù. Mo fi òwú báàgì onílọ̀ọ́po mẹ́rin yí ojú rẹ̀ ká, mo so ó, mo kán gọ́ọ̀mù sí i. Orí ń dé ibẹ̀, kò kọjá.

7. Owó

Jíìnsì, ₦1,000. Báàgì, ₦2,000. Gáùn, ₦7,000, torí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí mo sún àti òkúta tí mo fọ́. Jákẹ́ẹ̀tì, ₦5,000 pẹ̀lú ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí mo gé.

Ìyá oníbáàgì ló jà jù. Wọ́n ti múra láti san owó síìpù tuntun, wọ́n wá gbọ́ pé orí lásán ni, wọ́n ní ṣé ₦2,000 ni orí bíńtín. Mo ní ọwọ́ tó ki orí bíńtín sí i ni mò ń gba owó rẹ̀, pé síìpù odidi ì bá gba ₦4,500. Wọ́n yọ ₦500 kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní kí n kó orí àtijọ́ méjèèjì fún àwọn, àwọn fẹ́ rí i pé mo pààrọ̀ rẹ̀ lóòótọ́. Mo kó o fún wọn, èyí tó ṣẹ́ àti èyí tí kò ṣẹ́.